Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Ọ̀dọ́: Kí Ni Wọ́n Dá A Sílẹ̀ Fún, Ibo Ló sì Lè Gbé Ọmọ Dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, lápá Sábó. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ẹni ọdún 11, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó eré ìje ọkọ̀. Ó mọ orúkọ àwọn awakọ̀ Formula 1, ìdíje ọkọ̀ ìje tó ga jù lọ lágbàáyé, ju bí ó ṣe mọ orúkọ àwọn ẹbí wa lọ. Ọkùnrin kan wá bá àwa òbí mẹ́fà pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀dọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ máa fi ọkọ̀ káàtì, ìyẹn ọkọ̀ ìje kékeré tí kò ní òrùlé, kọ́ṣẹ́, ó sì ṣèlérí pé láàárín ọdún mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, yóò dé Formula 1. Owó tó ń béèrè pọ̀ débi pé àbúrò mi ní kí n ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ìyá ọmọ kò gbà rárá. Kí ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún gan-an? Ṣé ọjọ́ iwájú wà níbẹ̀, àbí wọ́n fẹ́ lù wá ní jìbìtì?

* * *

Ẹ má tíì ta ilẹ̀ náà. Mo fi èyí ṣáájú kí ọ̀rọ̀ tó gùn.

Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní kí ẹ sáré forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀dọ́ ni ilé-ìwé tí àwọn àgbà awakọ̀ ti jáde. Àwọn yòókù ní jìbìtì gbáà ni. N kò lè gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn. Ilé-ìwé a máa gba ọmọ kí ó lè kọ́ ọ títí yóò fi jáde. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀dọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá dá sílẹ̀ a máa gba ọmọ kí ó lè wò ó bóyá òun ni yóò mú. Ṣíṣà ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ìyá wa ṣe máa ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, àfi pé èyí tí wọ́n ń dànù níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń wọ inú ìkòkò lọ.

Ẹ wo ti Red Bull, ilé-iṣẹ́ ohun mímu tó ní ẹgbẹ́ nínú Formula 1, tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ọdún 2001 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ Helmut Marko, ọmọ Austria tí òun fúnra rẹ̀ ti wakọ̀ ìje rí. Nígbà tí ọdún 2005 ń parí lọ, wọ́n ra ẹgbẹ́ Minardi, wọ́n sọ ọ́ ní Toro Rosso, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí ibi tí wọn yóò ti máa dán ara wọn wò nínú Formula 1 gan-an. Sebastian Vettel gba ipò kìíní nínú ọkọ̀ Toro Rosso ní pápá Monza ní Ítálì, nínú òjò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 21. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú ọkọ̀ Red Bull, tó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra, láti 2010 dé 2013. Max Verstappen tún gba mẹ́rin léraléra, láti 2021 dé 2024. Ife mẹ́jọ ni àwọn méjì péré mú wálé.

Ẹni tó bá dúró síbi ife mẹ́jọ yìí yóò sáré lọ ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ló ní kí Brendon Hartley máa lọ ní 2010, tó tún lé Alex Albon kúrò nígbà tí ọdún 2012 parí. Àwọn méjèèjì padà wọ inú ẹbí Red Bull, Hartley ní 2017, Albon ní 2019, Hartley sì tún gba eré wákàtí 24 ti Le Mans ní 2017, 2020 àti 2022. Inú mi dùn sí ìtàn wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó rí agbára padà nìkan ni a mọ orúkọ wọn.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń dẹ́rù ba ènìyàn, pé ṣebí ọmọ Yorùbá náà lè dé ibẹ̀. Ó lè dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka àga tó wà níbẹ̀ ná. Láti 2026, ẹgbẹ́ 11 ló wà nínú Formula 1, awakọ̀ méjì-méjì sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò. Awakọ̀ 22 nìyẹn ní gbogbo ayé, àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í sì í dìde lọ́dọọdún.

Kí ọmọ tó lè jókòó sí ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Super Licence, èyí tí wọn kì í fún ẹni tí kò bá kó àmì 40 jọ láàárín ọdún mẹ́ta. Formula 4, 3 àti 2 ni àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dé Formula 1: ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje Formula 4 ń gba àmì 12, ti Formula 3 ń gba 30, ti Formula 2 ń gba 40. Láti 2016 ni wọ́n sì ti fi ọdún 18 ṣe ààlà, nítorí pé Verstappen wọ Formula 1 ní 2015 nígbà tó ṣì jẹ́ ẹni ọdún 17, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2024 wọ́n lè yọ̀ǹda fún ẹni ọdún 17 tó bá ta yọ gidigidi. Ẹni ọdún 15 ló kéré jù tí wọ́n ń gbà sínú Formula 4. Ọmọ yín jẹ́ 11. Ọdún mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ lò nínú káàtì, yóò wá ku ọdún mẹ́rin péré nínú mẹ́jọ tí ọkùnrin náà ṣèlérí, nínú èyí tí ọmọ gbọ́dọ̀ la Formula 4, 3 àti 2 kọjá láìkọsẹ̀, lókè òkun. Àwọn kan ti ṣe é rí. Ẹni tó bá fi í ṣe ìlérí fún ọmọ mẹ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nípa ti ilẹ̀ adúláwọ̀, Jody Scheckter ọmọ South Africa nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó gba ife àgbáyé rí, ní 1979, ọdún 1993 sì ni Formula 1 wá sí Áfíríkà kẹ́yìn, ní pápá Kyalami ní South Africa. Ẹnìkan mẹ́nu ba ọ̀dọ́ awakọ̀ kan, Ugo Ugochukwu, tó gba ìdíje Macau ní 2024 nígbà tó wà lábẹ́ McLaren, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Formula 1. Òótọ́ ni, ọmọ Nàìjíríà sì ni ìyá rẹ̀, Oluchi Onweagba, tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ àfihàn aṣọ. New York ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Yúróòpù ló sì ti ń wakọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá.

* * *

Ìyá kan láti Òwódé ní Ọ̀yọ́ sọ pé ẹ̀bùn ló ń gbé ọmọ ga, kì í ṣe owó, ó sì fi Lewis Hamilton, awakọ̀ Formula 1 ọmọ Britain, ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yẹn gan-an ló ta ko ọ̀rọ̀ yín. Anthony, bàbá Hamilton, ń pa iṣẹ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ kí káàtì ọmọ rẹ̀ má baà dúró. Ọmọ náà ti gba ife káàtì àwọn ọmọdé ní Britain ní 1995, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá. Ọdún 1998 ni McLaren tó gbà á sábẹ́ ìtọ́jú wọn, ní ẹni ọdún 13. Ní gbogbo ọdún tó ṣáájú, bàbá ni onígbọ̀wọ́. Ẹ sì rántí pé orílẹ̀-èdè tí pápá káàtì ti sún mọ́ ara wọn ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ibi tí a ti ní láti gbé káàtì sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Èkó kí ọmọ tó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje.

Ti Verstappen kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Awakọ̀ Formula 1 ni Jos bàbá rẹ̀, awakọ̀ káàtì sì ni Sophie Kumpen ìyá rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ ni pé, ilé-iṣẹ́ ńlá kì í náwó lórí ọmọ kí ó lè mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀bùn. Òbí ló ń ná owó yẹn. Lẹ́yìn tí ẹ̀bùn bá ti hàn tán ni ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀dọ́ máa ń dé.

* * *

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá mo ti rí ohun tí mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹni ọdún 13 ni nígbà tí ẹgbẹ́ káàtì kan ní ìlú mìíràn gbà á. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi san owó ọdún kan, ó ra aṣọ tí iná kì í tètè jó àti àṣíborí, ó sì ń gbé ọmọ lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọmọ náà yára; mo dúró létí pápá, mo fi ojú ara mi rí i. Ní ọdún kejì, ọmọ mìíràn dé tí bàbá rẹ̀ lè ra ẹ́ńjìnnì tuntun méjì, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń gbé táyà tó ti jẹ tán fún tiwa. Nígbà tó ṣe, wọn kò pè é mọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè, kò sí ẹni tó sọ fún un pé ibi báyìí ni o kù sí. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà fi ń nu àṣíborí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó ń retí pé wọn yóò pè. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó dùn mí ju owó lọ.

Mo kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́rin ní ìlú yìí kí n tó dá dúró, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbójú fo ọ̀rọ̀ náà. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á jọ fẹnu kò sí iye ọdún. Ọmọ lè jẹ́ olóye, ó lè jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n bí ọdún rẹ̀ bá pé, ọ̀gá á pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á fún un ní òmìnira níṣojú ìyá àti bàbá rẹ̀. Ìtìjú ọ̀gá ni bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá jáde láìmọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀dọ́ kò ní irú ìtìjú yẹn. Ọ̀kan tó bá yege ni wọ́n fi ń yangàn, àwọn mẹ́sàn-án tó kù kò kàn wọ́n mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó òbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kọ́ ọmọ ní eré ọkọ̀, ìlànà ìkọ́ṣẹ́ tiwa ni kí ó tẹ̀ lé: kí ó sọ iye ọdún, kí ó sọ ohun tí ọmọ yóò mọ̀ bí ọdún náà bá pé, kí ó sì ṣe òmìnira fún gbogbo wọn, ẹni tó yára àti ẹni tí kò yára.

* * *

Ẹni tó bi ìbéèrè ti padà wá. Ó ní ìwé àdéhùn tí ọkùnrin náà gbé wá sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbogbo owó tí ọmọ bá rí nídìí eré ọkọ̀ yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ fún ọdún 15, òun sì ń bi wá bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo.

Ẹgbẹ́ ńlá náà a máa so ọmọ mọ́lẹ̀, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń náwó lé e kí wọ́n tó so ó. Ti yín ń gba owó lọ́wọ́ òbí, ó tún fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọ. Bí òun bá ni onígbọ̀wọ́, kí ó gbé owó sílẹ̀. Bí òun bá jẹ́ olùkọ́, kí ó gba owó ẹ̀kọ́, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ lọ. Kò lè jẹ́ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Oscar Piastri, awakọ̀ ọmọ Australia, kọ́ mi ní nǹkan kan níbí. Abẹ́ ilé-ìtọ́jú ọ̀dọ́ ti Renault, ẹgbẹ́ Formula 1 tó di Alpine lẹ́yìn náà, ló wà; ó gba Formula 3 ní 2020, ó sì gba Formula 2 ní 2021. Ní 2022, Alpine kéde pé òun ni yóò wakọ̀ fún wọn ní ọdún tó ń bọ̀, ọmọ náà sì jáde, ó ní irọ́ ni, òun kò ní wakọ̀ fún wọn. Wọ́n gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń yanjú ọ̀rọ̀ àdéhùn nínú Formula 1, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ìgbìmọ̀ ní àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú McLaren nìkan ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan nínú yín pè é ní aláìmoore. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó náwó lé e kò fi ìwé tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí sí ipò rẹ̀ lásìkò. Bí ilé-iṣẹ́ tó ní agbẹjọ́rò rẹpẹtẹ bá lè ṣe àṣìṣe lórí ìwé, kí ni bàbá kan ní Sábó yóò ṣe bí ó bá buwọ́ lù ú lórí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ọkọ̀? Ẹ mú ìwé náà lọ fún agbẹjọ́rò kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

* * *

Ìyá ọmọ tọ̀nà láti bẹ̀rù. Anthoine Hubert, ọmọ Faransé tó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti Renault, kú nínú ìdíje Formula 2 ní pápá Spa ní Belgium ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ẹni ọdún 22 ni. Gbogbo ààbò tí owó lè rà ló wà ní pápá yẹn.

Fún ìdí èyí, n kò fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ máa gbìyànjú lórí títì tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba ẹ̀mí tó pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ilẹ̀ tí a mọ odi yí ká, tí ọkọ̀ mìíràn kò lè yà sí, tí a to táyà àlòkù sí etí rẹ̀, tí ohun ìpaná àti ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ọkùnrin náà kò bá lè fi irú ilẹ̀ yìí hàn yín, ọ̀rọ̀ ti parí, kò yẹ kí a tún máa jíròrò owó.

* * *

Mo fẹ́ padà sórí ìbéèrè náà gan-an, nítorí pé ẹ ti ń rò pé mo kórìíra ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀dọ́. Mo fẹ́ kí ó wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ó wà fún ló yàtọ̀.

Káàtì jẹ́ ọkọ̀ tí kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò ní sípíríìǹgì tí yóò gba kòtò àti gegele ilẹ̀ mọ́ra. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, nítorí náà bí ọmọ bá fẹ́ yà ní kọ́nà, àfi kí táyà ẹ̀yìn ti inú gbéra díẹ̀ nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á kọ̀, á máa lọ tààrà. Ibi tí a de ìjókòó sí, bí ọmọ ṣe wúwo tó, bí táyà ṣe le tó, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn lójú ẹsẹ̀. Ṣéènì ló ń wa táyà ẹ̀yìn bíi ti ọ̀kadà: bí a bá fi ẹ̀rọ eléyín tó tóbi sí ẹ̀yìn, ọkọ̀ á yára gbéra ṣùgbọ́n eré rẹ̀ á tètè dópin, bí a bá fi kékeré síbẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ sí táyà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kò ní jẹ́ iye kan náà mọ́ bí oòrùn ọ̀sán bá mú un, tí eré sì ti mú táyà gbóná. Ọmọ ọdún 12 tó bá ń kọ gbogbo èyí sínú ìwé lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ẹ́ńjìnnì kò sì jìnnà sí wa. Honda GX200, tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ káàtì tí ènìyàn ń háyà, jẹ́ irú èyí tí a ń lò nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kò sí mẹkáníìkì kékeré kan láti Sábó dé ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tí kò lè tú u, kí ó tún un tò.

Ibí yìí ni mo ti rí ọjọ́ iwájú. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló di awakọ̀ ìje lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, iye ọmọ tí yóò mọ ẹ́ńjìnnì, táyà, bíréèkì àti bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ yóò pọ̀. Yunifásítì Ladoke Akintola wà lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Láti 1981 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ọkọ̀ ìje fúnra wọn nínú ìdíje Formula SAE, ti Britain bẹ̀rẹ̀ ní 1998, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Yunifásítì Èkó àti ti Benin sì ti kópa nínú Shell Eco-marathon, níbi tí ẹni tó lo epo tó kéré jù ti ń borí. Ẹgbẹ́ Formula 1 kọ̀ọ̀kan ń lo awakọ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìjókòó méjì yẹn nìkan ni gbogbo wa ń wò?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹni ọdún 19 báyìí. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí ó bá sì gbọ́ ìró kan ṣoṣo, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Pápá káàtì ló ti kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní in lọ́kàn láti kọ́ ọ.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ọmọbìnrin lè wọ̀ ọ́: bẹ́ẹ̀ ni. Káàtì kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ní 2023 ni wọ́n dá ìdíje F1 Academy sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin nìkan, lábẹ́ Susie Wolff; Marta García ló kọ́kọ́ gbà á, Abbi Pulling sì gba ti 2024. Nínú àwọn òbí mẹ́fà wọ̀nyí, ǹjẹ́ ẹnìkan tilẹ̀ bi ọmọbìnrin rẹ̀ bóyá ó fẹ́?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọkùnrin náà ti ní òun yóò dín owó kù, kí ẹ kàn dáhùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ẹ̀yin òbí mẹ́fà, ẹ pàdé láìsí òun níbẹ̀. Ẹ ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kúrò, kí ó yọ ìlérí Formula 1 kúrò, kí ó kọ iye ọdún àti ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mọ̀ sínú ìwé, kí ó kọ bí yóò ṣe jẹ́ kí òbí gbọ́ bí kò bá fẹ́ ọmọ mọ́, kí ó sì mú yín lọ wo ilẹ̀ tó fẹ́ lò. Bí ó bá gba gbogbo rẹ̀, èmi náà yóò wá ràn án lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Kí ó tó dìgbà náà, ẹ mú ọmọ yín wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé. Ẹ̀rọ omi kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ tú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò sì jẹ́ kí òun náà di sípánà mú.